Ó Ní Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà, Ìrẹsì Ò sì Tán

Jókòó, àna mi, jókòó, má wo ilẹ̀kùn, o ò tíì ní lọ! Mo ní o ò tíì ní lọ, ìwọ tí mo ti ń ránṣẹ́ pè láti ọjọ́ Àìkú, tí o ń sọ fún mi pé aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ. Kí aṣọ náà dúró. Èmi náà ti dúró. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ilé yìí, àbí ẹ rò pé mi ò mọ ọ̀sẹ̀ kà ni?

Wò mí. Wo ọrùn mi. Ṣé ọrùn ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé nìyí? Orí àga tí o wà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó sí, tó ní ọmọ wa obìnrin ti fẹ́ bímọ, oyún àkọ́kọ́ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun dání, òun ń lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kò burú. Ta ni yóò ní ó burú? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní máa lọ, kí orí ọmọ náà má baà wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Mo wá bi í pé kí ni n ó máa jẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, oúnjẹ ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

Hẹn! Oúnjẹ ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dìde, wá wò ó fúnra rẹ. Èwo ni oúnjẹ níbẹ̀? Ọjọ́ kejì tó lọ, ebi mú mi, mo fi ìdùnnú ṣí i, mo bá ìrẹsì tó le gbagidi, mo bá ẹ̀wà tó le ju ìrẹsì lọ, ìyẹ̀fun, iyọ̀, òróró, ata gbígbẹ, àlùbọ́sà nínú apẹ̀rẹ̀, tòmátò inú agolo tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé. Èyí kì í ṣe oúnjẹ, àna mi, ohun tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ni! Ìwọ tí o jẹ́ aránṣọ, bí wọ́n bá kó òwú àti abẹ́rẹ́ fún ọ, ṣé wọ́n ti fún ọ láṣọ nìyẹn?

O ń rẹ́rìn-ín. Máa rín in. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, etí títì ni mo ti ń jẹun, níbi tí wọ́n ti ń gbé abọ́ ka iwájú ẹni. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kọ́ oúnjẹ sísè? Ó wá lẹ ìwé mọ́ ara gbogbo ike. Kà á. "Ìrẹsì: ife kan lójúmọ́, omi ife méjì, ẹ má ṣí i wò." Ó fi ọ̀wọ̀ sí i o, ó ní "ẹ". Ẹ má ṣí i wò! Ọkùnrin tó ti gbé ẹrù kọjá lórí afárá tó ń mì ni wọ́n ń sọ fún pé kó má ṣí ìkòkò. Mo ṣí i. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀meje. Ohun tí mo bá níbẹ̀, mo lè fi lẹ ìwé rẹ̀ padà mọ́ ike. Ẹ̀wà ńkọ́? "Ẹ rẹ ẹ́ sómi láti alẹ́." Ta ló ń rántí ebi ọ̀la nígbà tó bá ti yó lálẹ́? Mo gbé e ka iná bẹ́ẹ̀, láti aago méjìlá ọ̀sán, gáàsì tán kí ẹ̀wà tó rọ̀. Mo jẹ ẹ́ náà. Eyín mi kan wà níbẹ̀ tó ti ń mì tẹ́lẹ̀, ẹ̀wà yẹn ló yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ó sú mi o, kò sí bí kò ṣe sú mi, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé àlùbọ́sà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dín títí òórùn rẹ̀ yóò fi yí padà, kí tòmátò tó wọlé. Mo mọ̀ pé agolo kan lè jẹ́ ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta bí ènìyàn kò bá ṣe ọ̀kánjúwà. Mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun díẹ̀, ẹyin kan, iyọ̀ bíńtín, oúnjẹ òwúrọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn. Mi ò ra búrẹ́dì lóde mọ́. Ìyẹn kọ́ ni mo pè ọ́ fún.

Ohun tí mo pè ọ́ fún wà nínú ike ìrẹsì yẹn. Tì í. Ó yẹ̀? Kò yẹ̀.

Dá mi lóhùn, ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ ló máa ń gé ọṣẹ kan sí mẹ́rin, tó máa ń dorí ìgò òróró kodò sínú abọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ̀kán tó kù lè jáde? Ogójì ọdún tí a ti fẹ́ ara wa, kò ra iyọ̀ kọjá ohun tí a ó jẹ rí. Ó ní ohun tó bá ṣẹ́kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kòkòrò la rà á fún. Ó dáa. Obìnrin yẹn ló ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun náà ló kọ ọ́ síwèé pé ife kan lójúmọ́. Ife kan náà ni mò ń bù, kí ojú mi fọ́ bí mo bá ti bu ìdajì lé e lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, mo ṣí ike, ìrẹsì wà. Mo ní bóyá ó ṣì í wọ̀n ni. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó wà. Lánàá ni mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ lé e, èmi àgbàlagbà, mo jókòó ti ìrẹsì, mò ń fi ife wọ̀n ọ́n padà. Èyí tó kù ju èyí tí mo ti jẹ lọ! Àna mi, ẹ̀gbọ́n rẹ kò ra ìrẹsì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìrẹsì oṣù mẹ́fà ló rà.

O tún ń wo ilẹ̀kùn. Níbo lò ń lọ? Ṣebí ìwọ lo bá a rù ú wọlé! Ọjọ́ Sátidé ni, èmi jókòó síta, ìwọ gbé àpò ẹ̀wà lórí, mo tún ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé ogun ń bọ̀ ni. Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín mọ́ mi lójú! Àṣé ẹ ti mọ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Mi ò bínú pé ó lọ, jọ̀wọ́, má gbé ìyẹn lọ bá a. Bó bá sọ fún mi pé oṣù mẹ́fà ni, n ó kùn, n ó sì dákẹ́. Kò sọ fún mi. Ìrẹsì ló sọ fún!

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pè é. Ó ní ọmọ ò tíì mọ oorun sùn. Ọjọ́ Àìkú kejì, inú ń run ọmọ. Èyí tó kọjá yìí, ó ní eyín ló ń yọ bọ̀. Eyín! Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, eyín wo? Eyín tó bọ́ lẹ́nu mi ló lọ ń hù níbẹ̀? Lẹ́yìn náà yóò wá rọ ohùn, yóò ní, "Ṣé oúnjẹ ṣì wà?" Èmi ọ̀dẹ̀, n ó gbé àyà, n ó ní ó wà, ó pọ̀, mo tilẹ̀ ti mọ ọbẹ̀ sè! Òun náà á ní, "Ẹ ò rí i, Ọlọ́run ṣeun," á sì tún fìdí múlẹ̀ sí i lọ́hùn-ún.

Kí lo wí? Tún un wí. Rárá, má fi pa mọ́ sẹ́nu, tún un wí.

Pé èmi ńkọ́. Pé èmi náà, bí mo bá gbé ọkọ̀ jáde, máa ń ní ọjọ́ mẹ́ta ni n ó lò, n ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Họ́wù! Iṣẹ́ kọ́ ni? Ṣé mo ní kí ọkọ̀ máa dákú lọ́nà ni? Ṣé èmi ni mo...

Ó dáa. Mo gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà náà ni ọkọ̀ ń dákú. Ìgbà mìíràn wà tí mo kàn jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí à ń tàkúrọ̀sọ, torí mo mọ̀ pé ilé kì í sá lọ. Mi ò bi í rí pé kí ló jẹ lẹ́yìn mi. Ogójì ọdún, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Má sì sọ fún un pé mo sọ ọ́, èmi ni n ó sọ ọ́ fún un, lójú ara rẹ̀, kì í ṣe orí fóònù.

Ó ti rẹ̀ mí, àna mi. Àìsàn kọ́. Ṣé o mọ bí ife ìrẹsì kan ṣe máa ń rí nínú ìkòkò tí a fi tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà? Ìsàlẹ̀ ìkòkò ló máa ń sùn sí. Mo ń fi ṣíbí wá a kiri.

Mi ò lè purọ́ fún un. Kò sí irọ́ tí mo pa tí kò mọ̀. Bí mo bá ní oúnjẹ ti tán, yóò ní kí n gbé fóònù sí ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù kí òun rí i. Nítorí náà, gba àpò yìí. Gbà á, mo ní! Da ìrẹsì sí i. Ẹ̀wà rèé. Má fi iyọ̀ sílẹ̀, má fi nǹkan kan sílẹ̀, kó agolo wọ̀nyẹn pẹ̀lú. Ó pọ̀ jù? Lọ́jọ́ Sátidé ọjọ́sí, ó pọ̀ jù? Lọ fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ, mo yọ̀ǹda rẹ̀ tọkàntọkàn, kò sí èpè níbẹ̀. Bí o bá ti jáde báyìí, n ó nu inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn mọ́ tónítóní, n ó pè é, n ó ní ìyá àwọn ọmọ, mo fi Ọlọ́run búra, kò sí hóró kan nílé, ebi ń pa ọkọ rẹ, gbé ọmọ-ọmọ wa fún ìyá rẹ̀, kí o máa bọ̀.