Àwòrán Pásítọ̀ Lórí Wáàsáàpù

Níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Okrika ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin méjì tí wọ́n ń sọ Yorùbá.

Èyí àgbà ní, "Àbúrò mi, àwòrán pásítọ̀ wa ló wà lórí nọ́ńbà tuntun tó kọ̀wé sí mi lórí wáàsáàpù. Ó ní kí n fowó ránṣẹ́ kíákíá fún ọmọ ìjọ kan tó wà ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kí n má pe òun, torí òun wà nípàdé."

"Ẹ wá fi ránṣẹ́, mà?"

"Ó kù díẹ̀. Ọkàn mi ṣáà kọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, pásítọ̀ yìí ló ní kí n máa pe òun nígbàkígbà. Mo bá pè é sórí nọ́ńbà tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Ilé ló wà, ó ń jẹ ẹ̀bà."

"Ah. Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun kọ́ ló kọ ọ́, oníjìbìtì kan ló gbé àwòrán òun síbẹ̀. Kò lè jẹun mọ́. Èmi àtòun la pín àwọn ọmọ ìjọ láàárín ara wa, tá a ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ní Woji ti wà lọ́dọ̀ oní-POS, ó ti na owó sí i. Mo ní, 'Mà, ẹ gbà á padà.' Ó gbà á. Kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Mo kàn bi wọ́n pé, 'Olùṣọ́-àgùntàn wo ló ń sọ fún àgùntàn rẹ̀ pé kó má ké?'"

Títí a fi wọ ọkọ̀, àbúrò náà ṣì ń tún gbólóhùn yẹn sọ, tó ń rẹ́rìn-ín.