Òdòdó Igun Ọ̀tún

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín. Pásítọ̀ wa, ẹ kú ìjókòó. Àlhájà Roqeebah tó ń ta òwú fún wa ní ọjà Waterside, tó sì máa ń búra pé èyí tó ti pọ́n yẹn funfun ni, mo kí yín tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹgbẹ́ alábẹ́rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ yín ní kíróṣè, iṣẹ́ òwú híhun, ní Monrovia níbí. Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń padà sílé. Ẹ ti ń yìn mí láti àárọ̀, ó sì dùn mọ́ mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ mọ ìwé bátànì àtijọ́ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Àpótí kéékèèké ló kún inú rẹ̀: èyí tó dúdú, ẹ fi òwú dí i, èyí tó funfun, ẹ fi í sílẹ̀ ní ihò. Ṣé ẹ rántí òdòdó ńlá tó máa ń wà ní igun ọ̀tún gbogbo léèsì wa, tí ẹ fi ń yangàn pé ti ẹgbẹ́ wa nìkan ni?

Epo pupa ni.

Iṣu ni mo ń jẹ lórí ìwé náà. Epo kán sí i, mi ò fura, ó sì rin wọnú ewé mẹ́fà, ó sọ àwọn àpótí funfun igun náà di dúdú. Bátànì mẹ́fà, òdòdó kan náà, igun kan náà. Gbogbo ẹ̀yin tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báńkì yìí, ẹ ò béèrè ìdí. Ẹ̀yin náà jẹ̀bi díẹ̀.

Ẹnì kan béèrè. Catherine, má dorí kodò. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó gbé ìwé náà sójú fèrèsé, ó ní, "Mọ̀mí, ó jọ epo o." Ó hun tirẹ̀ láìsí òdòdó. Mo ní kó tú u lójú gbogbo yín. Ó ń sunkún, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo na ìwé sí oòrùn, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo dákẹ́. Ojú ń tì mí, mo sì fẹ́ kí ẹ máa pè mí ní ọ̀gá.

Catherine, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Ìwé náà rèé. Ìwọ ni olórí ẹgbẹ́ láti òní lọ. Wá gbà á.

Ó ń bọ̀. Kí lo wí? Ẹ gbọ́ o: ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n tú ìborùn olódòdó tó wà lọ́rùn mi yìí lójú gbogbo yín. Ó tọ́ sí mi. Pásítọ̀, ẹ bá mi di etí òwú yìí mú.

Bí mo ṣe ń tú u, mò ń ṣàdúrà: ojú yín ò ní ṣú, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ pàdánù ẹni tó lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ ṣé o. Ẹ máa jẹun lọ. Catherine ní ó ṣì kù tí mo máa tú.