Ohun Tí Ìyá Mi Kò Sọ

Dókítà ti sọ fún mi pé bóyá ni n ó rí ìparí ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbé lọ sínú sàréè, torí orúkọ ìyá mi ló bà jẹ́. Fusae ará abúlé Hinokura kò sọ ohun tí gbogbo Japan gbọ́ pé ó sọ. Irọ́ ni. Èmi Kazuomi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni mo pa á mọ́ ọn.

Nígbà náà, ẹni tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú á mọ ojú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí, ọ̀rọ̀ àwọn abúlé orí òkè tó ku kìkì arúgbó ni wọ́n sì máa ń pè mí sí. Mo ní kí ìjọba dá ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lọ́nà dúró, àti bọ́ọ̀sì, àti nọ́ọ̀sì, kí wọ́n kó àwọn arúgbó wá sí ìlú, kí wọ́n sì fi owó náà tọ́jú àwọn ọmọdé. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí, àwọn ọlọ́gbọ́n sì wà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Èrò mi kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ọ̀nà tí mo gbà borí ni.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí èmi àti olórí ìlú kékeré kan kojú ara wa lórí ètò náà. Bàbá náà jẹ́ kí n ka gbogbo ìṣirò mi tán. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìṣirò yín dùn létí. Àwọn arúgbó tí ẹ fẹ́ kó kúrò yìí ńkọ́? Ta lẹ bi léèrè nínú wọn?"

Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Etí mi gbóná. Àb'ẹ́ ò rí ìgbéraga! Kí n ṣáà ti gbà pé n kò bi ẹnikẹ́ni, ṣé ó máa pa mí ni? Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní, "Mo bi ìyá mi. Hinokura ló ń gbé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Kazu, abúlé yìí ti kú. Àwa tó kù kàn ń tan ara wa jẹ ni. Mú mi kúrò níbí.'"

Bàbá náà tẹrí ba fún mi, ó ní òun ò lè bá ìyá ẹni jiyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ìyá mi sọ nígbà tí mo lọ kí i gbẹ̀yìn ni pé, "Bá wa bẹ̀ wọ́n o, Kazu, kí wọ́n má dá ọkọ̀ yìnyín dúró. Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀."

Ọjọ́ kejì, ìyá mi pè mí. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Kazu, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Toyomi wá síbí láàárọ̀ yìí. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn." Toyomi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kángun síra. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì níyàwó wá sí Hinokura.

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní mo sọ ọ́. Kí ni kí n sọ? Kí n pe ọmọ mi ní òpùrọ́?" Ó tún ní, "Wọ́n ṣì máa bi mí o. Jọ̀ọ́, tún bí mo ṣe sọ ọ́ sọ fún mi, kí tèmi àti tìẹ má baà ta kora."

Ibi tó burú jù nìyí. Ẹnu mi wà níbẹ̀ tí mo lè fi sọ pé, "Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mo máa lọ jẹ́wọ́." N kò sọ ọ́. Mo kọ́ ìyá mi ní irọ́ mi, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó gbàgbé ibi "àwa tó kù kàn ń tan ara wa jẹ", mo tún un ṣe fún un. Ẹ gbọ́ o, mo tún un ṣe fún un!

Wọ́n dá ọkọ̀ yìnyín dúró. Kò sẹ́ni tó bú ìyá mi ní Hinokura, wọn kì í bú èèyàn níbẹ̀. Pátákó ìkéde kan ló ń lọ láti ilé dé ilé, tí ẹni tó bá kà á á tẹ òǹtẹ̀ sí i, á sì gbé e fún ará ilé kejì. Toyomi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi láì yà. Ìyá mi ò gbọ́ ìgbà ìpàdé mọ́, kò gbọ́ ẹni tó kú. Ó gbé ṣọ́bìrì jáde lọ kó ẹrẹ̀ gọ́tà àdúgbò lọ́jọ́ tí àwọn yòókù ti ṣe tiwọn tán. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ fún mi lórí fóònù: "Èmi nìkan ni mo dá a ṣe, Kazu. Ó mọ́ ju tàtẹ̀yìnwá lọ." Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Osaka. Ó ní, "Bí mo bá wá, wọ́n á ní òótọ́ ni mo fẹ́ lọ." Nígbà tó kú, èmi àti àlùfáà nìkan la wà níbi ìsìnkú rẹ̀.

Inú ilé rẹ̀ ni mo ń gbé báyìí. Ilé méjì ló kù ní Hinokura, tèmi àti ti Toyomi. Lóṣù tó kọjá tó gbé pátákó wá, mo fi iwájú orí kanlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. "Fusae ò sọ ọ́?"

"Wọn ò sọ ọ́, Mà."

"Mo máa ń rí iná rẹ̀ láti ibi ìdáná mi. Mo máa ń ní, jẹ́ kó máa jókòó síbẹ̀, ṣebí ó ní a ti kú." Ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí." Kò ní òun dárí jì mí. Ó gbé pátákó náà, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè láti wá sọ̀rọ̀ níwájú ayé, bí wọ́n bá bi yín pé ta lẹ bi léèrè, tí ẹ ò sì bi ẹnikẹ́ni, ẹ sọ pé ẹ ò bi ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tó nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbà gbọ́ pé ìyá mi kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Pátákó kò tún wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó tọ́ sí mi. Toyomi ń gbé e gòkè lọ síbi sàréè ìyá mi lẹ́yìn ilé, ó ń kà á sókè ketekete: "Fusae, ọjọ́ Sátidé la máa kó ẹrẹ̀ gọ́tà o!" Á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ìyá mi tẹ òǹtẹ̀ sí i. Mo máa ń ṣí fèrèsé díẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́.