Orin Ìyá Fẹ́mi Tí Mo Fi Polówó Fóòmù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí láti ilé, mi ò fojú ba oorun.

Olórin ni mí. Ẹ mọ ohùn mi dáadáa, mi ò ní dárúkọ. Àwọn orin tí ẹ fi ń jó, àwọn ìpolówó tí ẹ ń gbọ́, mi ò dá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Lórí rédíò, mo máa ń sọ pé ojú oorun ni Ọlọ́run ti ń fún mi lórin. Irọ́ ni. Àbúrò ìyá mi ló ni gbogbo wọn, Ìyá Fẹ́mi, tó ń yan ẹja ní Zion Pepe, nílé wa létí òkun.

Bó bá ti jókòó ti iná ẹja, orin á máa jáde lẹ́nu ẹ̀. Èmi á gbé fóònù kalẹ̀, màá máa gbà á sílẹ̀. Ó mọ̀. Ẹ̀rín ló máa ń rín. "Mú un lọ jàre, orin kì í tán lẹ́nu mi." Èmi wá rò pé gbogbo ẹ̀ ló fún mi.

Lẹ́yìn náà ni òkun gba Fẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọkọ̀ wọn dojú dé. Wọ́n rí àwọn yòókù, wọn ò rí i.

Nílé wa, bí òkun bá gbé èèyàn tí a ò rí òkú ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló ń dá orin tó máa fi pè é wálé. Òun nìkan ló ń kọ ọ́, nínú ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà, lójú omi. Bí òkú bá ti dé, orin parí nìyẹn. A kì í kọ ọ́ lórí ilẹ̀. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ gbà á kọ, torí ohùn kan ṣoṣo ló yẹ kí òkú máa tẹ̀ lé.

Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́, mo mọ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́.

Wálé o, Fẹ́mi, wá sùn,
Omi kì í ṣe ẹní,
Òkun kì í ṣe ìrọ̀rí.

Mo ń sunkún. Fóònù mi sì wà lábẹ́ ìborùn, ó ń gbà á sílẹ̀.

Lásìkò yẹn, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fóòmù tí a ń sùn lé ń yọ mí lẹ́nu fún orin ìpolówó. Ọwọ́ mi ṣófo. Mo yọ Fẹ́mi kúrò, mo fi orúkọ fóòmù sí i, mo fi ohùn ara mi kọ ọ́ fún wọn. Mo ní ta ló máa mọ̀? Àwọn ọmọ yín ń kọ ọ́ lọ síléèwé báyìí.

Bí ìpolówó yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yí padà nílé. Orí omi la kọ́lé sí, pákó la tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí rédíò bá ti kọ ọ́ tán, nǹkan á kan pákó láti ìsàlẹ̀. Jẹ́jẹ́, bí àlejò. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ ní Etikan, ìlú míì létí òkun wa, tí ìyá mi, tí kì í sọ ìsọkúsọ, gbọ́ ọ nínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Wọ́n ní Fẹ́mi ni. Rédíò gbogbo ilé ló ń pè é, kò wá mọ èyí tó máa wọ̀.

Ìyá Fẹ́mi ò kọrin mọ́. Òun ló pè mí. Kò bú mi. Háà, ìbá sàn kó bú mi! Ó ní, "Fẹ́mi ò dá ohùn mi mọ̀ mọ́. Tìẹ ló mọ̀. Máa bọ̀ wá pè é. Bí o ò bá wá, Fẹ́mi náà mọ bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn o."

Mo ti bẹ àwọn oní-fóòmù kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní orin náà ń tajà.

Ìtìjú ò bà mí lẹ́rù mọ́, omi yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ìyá Fẹ́mi. Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n wọ ọkọ̀? Bí mo bá sì pè é lójú omi, tó jẹ́ mi lóhùn, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?