Èmi Ni Mo Ní Kó Gbé Ẹkún Mì

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Láràárọ̀, kí n tó dá iná, mo máa ń yọjú sí yàrá àbúrò mi, Tèrésà, láti wo ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ni yóò gbé sórí itan, tí yóò fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, láti ìdí etí dé àgbọ̀n, bí ẹni ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Ọmọ náà á ké, ìyá rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó di ọjọ́ mẹ́rin báyìí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọ náà ti wú. Èmi kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló mú un wú, tàbí ohun tí ọwọ́ náà ń wá ló ti dé. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́rùn mi.

Èmi ni àkọ́bí ìyá wa, Tèrésà ni àbígbẹ̀yìn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi náà ni mo fà á fún ọkọ níhìn-ín ní Gbaffo, lábẹ́ àwọn òkè Ìdáàṣà, agbo ilé kan náà la sì ń gbé. Dadá ló ń pè mí, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá ní kó jókòó, á jókòó. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Olóògbé ọkọ mi máa ń sọ pé bí òkè bá ní etí ni, èmi ì bá ti ní kó sún sẹ́yìn fún oko mi. A máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí Dahomẹ gba òmìnira ni Rósà, àkọ́bí Tèrésà, ọmọ ọdún mẹ́fà, sọ pé eyín òun ń mì. Àsìkò tí a ń wa iṣu ni. Kí ni kò dára nínú kí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà máa mì? Èmi ni mo so òwú mọ́ ọn tí mo fà á yọ, a sì jù ú sórí òrùlé. Ọjọ́ kẹta, èkejì tẹ̀ lé e láìsí ẹni tó fà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò gbóná, kò dun ọmọ púpọ̀, ó kàn ń ga ni. Kó tó pé oṣù kan, ojú òsì Rósà kò fi bẹ́ẹ̀ là mọ́. Nọ́ọ̀sì ìlú wa wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu kíákíá. Dókítà ibẹ̀ ní jẹjẹrẹ ni.

Lọ́dọ̀ wa, bí àìsàn ọmọ bá le, wọ́n a fi àgbàlagbà obìnrin kan ti ìyá rẹ̀, kí omijé má baà bọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá sunkún lórí ọmọ tó ṣì ń mí ti gbẹ́ ilẹ̀ dè é. Ta ni ẹbí ì bá tún yàn bí kò ṣe èmi? Bí dókítà ti sọ̀rọ̀ tán, mo rí i tí ètè Tèrésà ń gbọ̀n. Mo di apá rẹ̀ mú.

“Gbé e mì,” mo wí.

“Títí dìgbà wo, Dadá?”

“Títí èmi yóò fi sọ fún ọ.”

Ó gbé e mì lóòótọ́.

Ilé ìwòsàn náà ní igi máńgòrò kan lẹ́yìn yàrá àwọn ọmọ. Lọ́sàn-án, màsẹ́ẹ̀rì kan, obìnrin ẹlẹ́sìn tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wa, a máa kó àwọn ìyá jọ síbẹ̀. Á da ẹ̀pà síwájú wọn kí wọ́n máa pa, kí ẹnu lè rí nǹkan sọ bí ọwọ́ bá ti ní iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún a sunkún, àwọn yòókù a máa pa ẹ̀pà lọ. Wọ́n a tún pín ara wọn, kí ẹnì kan ṣọ́ ọmọ ẹnì kejì kí ìyẹn lè fojú kan oorun. Obìnrin kan láti Tré, ìlú kan nítòsí wa, wà láàárín wọn. Mo rí i tó sunkún títí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n, ó wá nu ojú, ó wọlé, ó sì ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré. Màsẹ́ẹ̀rì náà wá pe Tèrésà pé, “Ẹ wá, ẹ̀pà yín wà níbẹ̀.” Tèrésà ti dìde. Èmi ni mo dáhùn.

“Àwa kì í sunkún ọmọ ààyè.”

Màsẹ́ẹ̀rì dá mi lóhùn. “Màmá, omi tí kò bá rí ọ̀nà lọ, ògiri ló máa ń wó.”

Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹni tí kò bímọ rí ló ń kọ́ mi ní ọmọ títọ́ yìí. Mo fa àbúrò mi padà jókòó. Títí a fi kúrò níbẹ̀, kò dé abẹ́ igi náà.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún Rósà mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀. A mú un wálé, a gbé e lọ dúpẹ́ nídìí àpáta Màríà Mímọ́ ní Arígbó, èmi sì ń fọ́nnu káàkiri pé sùúrù wa ló ṣiṣẹ́. Oṣù kejì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wú. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Rósà ti lọ.

Ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe òkú àgbà. Àwọn ọkùnrin lọ sin ín lẹ́yìn òkè, wọn kò sì fi ibẹ̀ han ìyá rẹ̀, bí a ti ń ṣe. Ọjọ́ kẹta, Tèrésà wá bá mi nídìí ọlọ.

“Dadá, ṣé mo lè sunkún báyìí?”

Ẹ̀yin èèyàn, kí ni ì bá ná mi láti dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni? “Ṣé o fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀ ni?” ni mo wí. Ó ní, “Ó dáa,” ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sóko. Gbogbo Gbaffo ń yìn ín, wọ́n ní obìnrin bí ọkùnrin. Ohùn mi ló ròkè jù.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan, tí mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò kọrin mọ́. Bó bá pàdé ọmọ ọlọ́mọ lójú ọ̀nà, á fà á mọ́ra, á fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá wọ́n ń pe ọmọ wọn wọlé bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè. Mo ní ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é. Ọdún kẹrin ló tó lóyún, ó sì bí ọmọ yìí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà nínú ilé yìí, mo ń wò.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mo rí wíwú náà, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀, èmi tí mo pọ̀n ọ́n.

“Tèrésà, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Sunkún. Sunkún lónìí, n kò ní dá ọ dúró.”

Ó gbìyànjú. Ẹnu rẹ̀ là, ojú rẹ̀ kákò bí ti ẹni tó fẹ́ sín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jáde.

“Kò sí mọ́, Dadá,” ló wí. “Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ mì bí ẹ ti ní kí n ṣe.” Ó na ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti gba ọmọ rẹ̀ padà.

Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu. Ṣé igi máńgòrò náà ṣì wà? Ṣé màsẹ́ẹ̀rì náà ṣì wà níbẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú rẹ̀? Kí n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀hún, àbí èyí ni yóò parí ìbàjẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kó sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn àgbà tó kọ́ mi pé a kì í sunkún ọmọ ààyè ló kọ́ mi ní èyí náà, èmi ni mo yan èyí tó wù mí. Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ náà sì ti ń ké nínú yàrá.