Ohùn Tí Mo Pa Mọ́

Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dìde fún mi lónìí. Pásítọ̀ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí mo sọ fún wọn pé ẹ̀rí ìdúpẹ́ ni mo fẹ́ jẹ́. Irọ́ ni mo pa. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ ìkẹyìn tí màá pa láyé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ ahọ́n mi láti ọdún kan ààbọ̀, ó ti rà síbẹ̀, bí n kò bá sì pọ̀ ọ́ síta lónìí, yóò bá mi wọ sàréè. Dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé ọkàn mi ti wú, kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn ló gbé mi dìde. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù yín ń bà mí, ẹ̀rù Ọlọ́run sì ń bà mí ju tiyín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Màmá Aríran, ẹ mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá fáìlì ni, nísàlẹ̀ ọsibítù, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo wà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi jókòó láàárín pákó tí wọ́n to ìwé àwọn aláìsàn sí dé òkè àjà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí dókítà, ọwọ́ mi ni ìwé rẹ̀ ń gbà kọjá. Mo mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, mo mọ ẹni tó ń wá ọmọ, mo mọ ìyàwó tó wá tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni mo ti ṣèlérí pé ohun tí ojú mi bá rí níbẹ̀, ẹnu mi ò ní sọ ọ́. Ẹ ti ń fura, àbí? Ẹ ní sùúrù, ó burú ju ohun tí ẹ ń rò lọ.

Ká ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó báyìí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní ẹ̀bùn náà lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fọ abọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wá: kí n sọ fún aládùúgbò mi kó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Kì í ṣe ohùn tí etí ń gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣàdédé rántí ohun tí kò mọ̀ rí. Mo lọ sọ fún un, ojú ń tì mí. Ó gbé ọmọ kúrò, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, àjà yàrá náà já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni irú rẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, mo sì ń sùn dáadáa.

Ẹ̀yin ará wá gbọ́. Ẹ gbé àga fún mi níwájú. Lẹ́yìn ìwàásù, Pásítọ̀ á yíjú sí mi, wọ́n á ní, “Màmá, kí ni Olúwa wí?” Olúwa ò wí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ní, “N kò gbọ́ nǹkan kan, sà.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Mo ń rí ojú yín bó ṣe ń rẹ̀ wálẹ̀, bí ojú ọmọ tí àlejò bá ní òun ò ra nǹkan bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tí mo gbé fáìlì rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní, “Ẹnìkan wà níbí, inú ń run ún lápá ọ̀tún, kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀.” Ọkùnrin náà fò sókè bí ẹni tí eèrùn ta. Ilé Ọlọ́run dàrú fún ayọ̀. Ó rọrùn. Ó rọrùn ju abọ́ fífọ̀ lọ. Ẹ máa ń sọ pé ojú Màmá ń ríran dé inú ìfun èèyàn. Dókítà ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ìkọ̀wé rẹ̀ ò tiẹ̀ dára, ìgbà míì ńṣe ni mo máa ń méfò ohun tó kọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ló gbìyànjú láti gbà mí là. Màmá Àgbà ni, tí wọ́n jókòó ní ìlà kejì níbẹ̀ yẹn. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ọmọ mi, n kò ní o ò gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run kì í bínú tí wọ́n bá yẹ iṣẹ́ náà wò.” Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo sì fi oṣù kan gbáko bínú sí wọn nínú.

Ọmọ wọn obìnrin ni Tíṣà. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ rẹ̀ káfíńtà ló kan bẹ́ǹṣì tí ẹ jókòó lé. Tí Tíṣà bá ń rẹ́rìn-ín, ó gbọ́dọ̀ di ògiri mú. Fáìlì rẹ̀ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Kókó wà ní ọyàn òsì. Wọ́n ti gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì wọlé: kò sí ewu. Mo kà á lójú fèrèsé, inú mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn sí i gan-an. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò rí dókítà. Kí ló ṣe mí tí n kò jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde níbí. Ẹ rántí. Mo ní, “Ìwọ olùkọ́ ọmọdé, Olúwa ti fọwọ́ kan àyà rẹ. Kókó yẹn ti di òfo. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni kàn ọ́ mọ́.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ò sí nínú fáìlì. Ẹnu mi ló bù ú kún un, torí pé ó dùn gbọ́. Tíṣà ṣubú lulẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò yọjú sí dókítà lọ́jọ́bọ̀. Kí ló tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, arákùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Èsì èèyàn méjì ló pààrọ̀ ara wọn. Ti obìnrin yìí gan-an ló burú. Dókítà ní kí ẹ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lónìí, kí ẹ sì pè é. A ṣì tètè bá a. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un báyìí, ó máa yè.” Ó gbé lẹ́tà sórí tábìlì mi. Mo fọwọ́ síwèé pé mo gbà á. Mo ń wo orúkọ obìnrin náà lórí àpò ìwé, ohùn ara mi ni mo sì ń gbọ́: má ṣe jẹ́ kí ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni kàn ọ́ mọ́.

N kò pè é. Mo ki lẹ́tà náà sínú àpò Bíbélì mi, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé, “A pè é. Ó ní òun ò wá.” Ìlà kan péré. Ìlà yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, torí kò sẹ́ni tó tún wá a mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ Ọlọ́run kó wò ó sàn kí ọ̀rọ̀ mi má bàa ṣubú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nítorí ọ̀rọ̀ mi, kì í ṣe nítorí ẹ̀mí rẹ̀.

Ọlọ́run dáhùn. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wé gèlè, lẹ́yìn ọdún méjì tí n kò gbọ́ nǹkan kan, ó dé: Sọ fún un kó padà lọ. Kò le, kò bínú. Mo bi í léèrè sókè pé, “Kí ni wọ́n máa wí nípa mi?” Ó tún dé lójú títì, mo dúró gbagidi láàárín ọ̀nà títí awakọ̀ kan fi pariwo pé, “Màmá, ikú lẹ̀ ń wá ni?” Mo sáré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ n kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Òun ló wá bá mi. Ó fà mí wọ yàrá àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́yìn ìsìn, a jókòó lórí àwọn àga kékeré yẹn, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní, “Màmá, ó tún ń dùn mí. Ó ti tóbi sí i. Ọkọ mi ní kí n padà sí ọsibítù, mo ní ẹ̀yin lẹ gbọ́ ti Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó tún sọ nǹkan míì fún yín? Tó bá ní kí n lọ, mò ń lọ lónìí yìí.” Lẹ́tà náà wà lábíyá mi, nínú Bíbélì. Ohùn náà sì dé lẹ́ẹ̀kẹta: Sọ fún un. Ó ń wo ẹnu mi bí ọmọ ṣe ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Mo ní, “Rárá o. Kò sọ nǹkan míì. Ọ̀tá ló ń fi ìrora dán ìgbàgbọ́ rẹ wò.” Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọkàn mi ti balẹ̀.” Ohùn náà sì dá, wàì, bí ìgbà tí wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ omi. N kò tún gbọ́ ọ mọ́ títí di bí mo ṣe dúró yìí. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ìgbà náà, fáìlì ni.

Oṣù méje ló lò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi máa gbé e lọ sí ọsibítù tipátipá, kò sí ohun tí wọ́n lè gé mọ́. Mo ń lọ kí i lọ́sàn-án, mo ń bá a di ife omi mú. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Màmá, tí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé Ọlọ́run parọ́. Ẹ sọ pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó.” Ẹni tí mo pa ló ń wá bí orúkọ Ọlọ́run ò ṣe ní bàjẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìwà mi: níbi ìsìnkú, mo dìde, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Mo ní ìgbàgbọ́ arábìnrin wa rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ kàn ń wò mí.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wá bá mi. Ó ní, “Màmá, ẹ kọ́ mi. Mo máa ń gbọ́ nǹkan nígbà míì, nígbà míì n kì í gbọ́. Tí ẹ ò bá gbọ́, báwo lẹ máa ń ṣe é?” Mo la ẹnu, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, mo sá wọ ilé ìtọ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí i pé mo ti fẹ́ bí irú ara mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá ọ̀gá àgbà ọsibítù, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa retí ìwé ìpè. Lánàá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó ń fá ilẹ̀kùn kan. Mo fún un ní lẹ́tà náà, mo sì sọ bí mo ṣe sọ fún yín yìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé yóò fi òòlù lù mí, mi ò sì gbèrò láti yẹra. Ó ní, “Ohùn tí ẹ wí yẹn, ṣé ó wá lóòótọ́?” Mo ní, “Ó wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta.” Ó jókòó sórí pákó. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni mo ti ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tó dákẹ́. Kò dákẹ́.” Ó sunkún, èmi náà sunkún. Nígbà tó ṣe, ó nọ́wọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ máa lọ. Ẹ má tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. N kò tíì ní in láti fún yín.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run ṣì ń fúnni lẹ́bùn, ẹ má tìtorí tèmi sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yẹn, ti ẹni tí wọ́n rán yín sí ni, kì í ṣe ti ẹ̀yin tí ẹ gbé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àgbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn láé. Tí wọ́n bá sì yíjú sí yín tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ dìde, ẹ ní, “N kò gbọ́ nǹkan kan.” Ojú á tì yín díẹ̀. Kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí.

Pásítọ̀, ẹ má dá mi dúró, ó ku díẹ̀. Màmá Àgbà, mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí. Ẹ jẹ́ kí n rọra. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ síwájú yín lójú gbogbo ayé, kí n bẹ̀bẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yí ẹ̀yìn sí mi, mà, ẹ yí i. Màá ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀.