Páànù Orúkọ Lára Igi Ọsàn Modúpẹ́

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2004, Fámúrewá ní kí ìyàwó òun gbé òun jókòó, kí ó fi ìrọ̀rí méjì ti òun lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dùbúlẹ̀ sọ. Àwọn tí ó ránṣẹ́ sí ti pé sí yàrá rẹ̀ ní Ìṣẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè wà níbẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tí òun àti Fámúrewá ti jọ ṣiṣẹ́, tí ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Opó Ládélé àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Modúpẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò ní pẹ́. Aísẹ̀gbá tí ó lọ́kọ sí, níbi tí ó ti ń yan gàrí, ni ó ti wá. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá sí i," Fámúrewá wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ikùn rẹ̀ sì ga lábẹ́ aṣọ. "Dókítà ní Adó ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, ẹ̀dọ̀ mi ti kú. N kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọnú ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ní Modúpẹ́ ṣe ní ọdún 1998, kò ṣe é. Èmi ni mo ṣe é." Ìyàwó rẹ̀, tí ó ti bá a gbé fún ọdún méjìlélógún láìgbọ́ gbólóhùn kan nípa rẹ̀, rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Fámúrewá kì í ṣe ìkà látilẹ̀wá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ilẹ̀ tuntun ti mọ́, Bámigbóyè gbé òfin kan kalẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ó ní àkọ́sórí ti tó. Ọmọ tí ó bá parí ọdún mẹ́fà ní girama kò ní gba ìwé àṣejáde lọ́wọ́ òun, àfi bí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun mẹ́sàn-án lójú olùkọ́: kí ó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ láìwo ti ẹlòmíràn, kí ó wọn ilẹ̀ kí ó sì yà á sórí ìwé, kí ó di egbò, kí ó po oògùn kòkó ní ìwọ̀n tí kò ní pa ẹni tí ó ń fín in, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó le jù ni ti ọsàn. Ọmọ yóò gé ojú kan, ibi tí ewé ti ń hù, lára igi ọsàn dídùn, yóò fi í sínú èèpo ọsàn kíkan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, yóò dì í. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá, ojú náà gbọ́dọ̀ ti mú, kí ó sì ti yọ ewé. Igi mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, páànù pélébé tí a fi ìṣó kọ orúkọ sí ni a so mọ́ ọn lọ́rùn. Bámigbóyè a máa sọ pé, "Ẹnu lè purọ́, bébà lè purọ́, ṣùgbọ́n igi tí kò bá mú, kò mú." Ọwọ́ Fámúrewá ni ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ó yege sí wà. Àwọn ọmọ ń pe ìwé náà ní Ṣe-É-Kí-N-Rí-I.

Modúpẹ́ ni ó kọ́kọ́ parí mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án náà, ó ku ti ọsàn. Láti abà kan lójú ọ̀nà Emùrẹ́ ni ó ti ń fẹsẹ̀ rìn wá lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ igi kí ó tó mọ kálàmù. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ ti fún un láyè. Ìwé àṣejáde nìkan ni wọ́n ń retí. Ládélé bàbá rẹ̀, tí kò mọ̀wé rárá, ti sọ ní gbogbo abà pé ọmọ òun ń bọ̀ wá sọ ọsàn kíkan di dídùn fún wọn. Ìkẹ́olúwa ni ẹnìkejì. Ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan ni, lẹ́kíṣọ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ̀rẹ́. Ọmọ náà mọ̀wé, kò sí ohun tí a bi í tí kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni igi rẹ̀ kú. Ojú ọsàn inú wọn dúdú bí ìfun ẹja.

"Bàbá rẹ̀ wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé," Fámúrewá wí. "Kò mú nǹkan kan wá fún mi, ẹ má rò pé owó ni. Ó ní, 'Fámúrewá, yunifásítì ti gba ọmọ yìí. Ṣé torí ojú ọsàn ni yóò ṣe jókòó sílé?' Mo ní òfin ọ̀gá ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Mo rí fọ́ọ̀mù rẹ lọ́dọ̀ wa. Dígírì ọjọ́ Sátidé, àbí? Ogójì ènìyàn ni a fẹ́ mú. Ìwọ ni o ṣe ìkẹtàlélógójì.' Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gba fọ́ọ̀mù yẹn nìyẹn. Àwọn tí mo kọ́ ní ìwé ti ń di ọ̀gá lórí mi. Ìjọba tuntun ń yẹ ìwé ẹ̀rí olùkọ́ wò, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn yòókù náà, wọn kò ṣe ohun tí mo ṣe. Kí n má fi ẹ̀rù bojú."

Sátidé ìparí oṣù kẹfà ni, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn lójú títì títí aago mẹ́wàá. Wolé-wolé kan dá Fámúrewá dúró nítòsí ọjà. Ó ní ilé ìwé ni òun ń lọ tún ṣe, wọ́n sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Òun nìkan ni ó wà nínú ọgbà. Ó fi ẹ̀mú tú okùn wáyà lọ́rùn igi Modúpẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tú ti Ìkẹ́olúwa, ó pààrọ̀ páànù wọn. Ó rí i pé ìko, okùn tí a ya lára ewé ògùrọ̀, ni Modúpẹ́ fi di tirẹ̀, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni àwọn yòókù lò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tí yóò ṣàkíyèsí ìko. Kò gba àkókò ju bí ènìyàn ṣe ń jẹ búrẹ́dì kan tán lọ.

Ní Mọ́ńdè, Bámigbóyè wá wo igi pẹ̀lú gbogbo kíláàsì. Nígbà tí wọ́n dé ibi páànù Modúpẹ́, tí wọ́n rí òkú igi mẹ́ta, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Modúpẹ́ kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó wo ìdí igi náà, ó dìde, ó lọ síbi igi tí ó yọ ewé, ó sì fọwọ́ kàn án. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, èyí ni tèmi," ó wí. "Ìko ni mo fi dì í. Lára ògùrọ̀ bàbá mi ni mo ti ya á. Ẹ bi Tíṣà, ojú wọn ni mo ṣe dì í." Ìkẹ́olúwa wolẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Fámúrewá.

Níbí ni Fámúrewá ti béèrè omi. Ìyàwó rẹ̀ kò dìde. Bámigbóyè ni ó bu omi fún un. Nígbà tí ó mu ún tán, ó ní, "Mo lè sọ pé n kò rántí. Èmi ìbá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ìbá ní kí àwọn méjèèjì tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, 'Sà, èmi ni mo fún Ìkẹ́olúwa ní ìko. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá Modúpẹ́ nínú ọgbà yìí ní òun nìkan, ó ń fọwọ́ tú páànù Ìkẹ́olúwa lọ́rùn igi tó yọ ewé, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó rí mi. N kò fura nígbà náà.' Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí mo tún so ó le. Ọ̀gá, ẹ rántí ohun tí ẹ wí?"

Bámigbóyè rántí. "Mo ní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè tún kọ́ ọ. Mo ní olè kò ní gba ìwé lọ́wọ́ mi."

"Kò tíì parí," Fámúrewá wí. "Ti páànù, ti irọ́ tí mo pa lójú àwọn ọmọ, mo ti ń bẹ Ọlọ́run lórí wọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì lè fi í gbàdúrà." Ó ní ní ọjọ́ kẹta ni Ládélé wá sí ilé òun, sí ìta tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n ń wò yìí. Ó ru iṣu márùn-ún, ó mú ọmọ rẹ̀ dání. Ó ní kí Modúpẹ́ kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó wá kọjú sí olùkọ́. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yìí ní òun kò ṣe é. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò purọ́ fún mi rí. Torí náà ni mo ṣe wá. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa gbà. Ṣé òótọ́ ni?" Kò sí Bámigbóyè níbẹ̀, kò sí Afọláyan, kò sí ẹni tí ń wo ojú Fámúrewá bí kò ṣe àgbẹ̀ kan tí ó fi ọkàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Mo ní, 'Òótọ́ ni, bàbá.'"

Ládélé bọ́ fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀, ọkùnrin tí ó ju Fámúrewá lọ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Ẹ foríjì wá," ó wí. "A kì í jalè ní ulé mi. N kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Uṣu rèé, ẹ bá mi gbà á, kó má di ohun tí ẹ ó máa rántí sí wa." Modúpẹ́ gbé ojú sókè wo olùkọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé òun kò ṣe é. "Mo gba iṣu náà," Fámúrewá wí. "Mo ní kí bàbá dìde, mo ní mo ti foríjì wọ́n. Èmi ni mo ń foríjì. A gún un ní Sọ́ńdè, mo jẹ ẹ́, ó sì dùn lẹ́nu mi. Ní oṣù kẹwàá, orúkọ mi jáde ní Ìkẹ̀rẹ́."

Àwọn tí ó jókòó mọ ìyókù. Modúpẹ́ kò lọ sí Àkúrẹ́. Ládélé kò nà án, kò lé e, ṣùgbọ́n kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, ìyá rẹ̀ ni yóò sọ fún. Nígbà tí ó kú nínú ìkórè kòkó ọdún 2002, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó súre fún wọn. Modúpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, kò pè é. Fámúrewá gba dígírì rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n gbé e ga ní ipò.

Ó gbìyànjú láti sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí ó lè kúnlẹ̀, ara kò gbé e. Ó di ọwọ́ mú níwájú àyà. "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún àwọn olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ pé bí wọ́n bá fi ìwé ìdánwò sí ìkáwọ́ wọn, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ wọn. Ìyá, ẹ foríjì mí. Modúpẹ́, ọmọ mi, foríjì mí."

Ìyá Modúpẹ́ ń sunkún láìpariwo. Bámigbóyè ní òun yóò kọ̀wé lónìí pé kí wọ́n fún Modúpẹ́ ní ìwé àṣejáde rẹ̀, òun yóò mú un dé ọ́fíìsì ìjọba ní Adó fúnra òun, òun yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Modúpẹ́ dìde lórí àpótí. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Sà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ó sọ fún Bámigbóyè. Ó wá wo Fámúrewá, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ìgbà tí ó ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. "Tíṣà, èmi mọ̀ pé n kò ṣe é. Ẹ kò sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Bàbá mi ni kò mọ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí wọn, àwọn ni kí ẹ sọ fún." Ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jáde.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Fámúrewá kú. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí abà, ó ránṣẹ́ sí Aísẹ̀gbá, ó dá ọjọ́ ìsìnkú fún wọn. Ẹni tí ó rán padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọn kò sì sọ bóyá àwọn yóò wá.